Ìwúre Àsùbá fún Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń Lọ sí Òkè Akuapem

Bísímílàhi. Ọmọ mi, fa àpótí yẹn mọ́ra, jókòó, kí o kọjú sí mi. Má wo ọkọ̀. Dírẹ́bà kò ní fi ọ́ sílẹ̀, mo ti bá a sọ ọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbá tán ni. Ìdúmọ̀tà kò tíì jí, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò tíì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Sún sápá ọ̀tún díẹ̀, kí Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, àbúrò mi tó jẹ́ adití, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn lè máa rí ètè mi. Ìwúre tí òun kò bá rí gbà, èmi kò ní kà á sí èyí tó dé ọ̀run.

Omi tútù nìyí. Mu ún. Omi ló yí Èkó wa ká. Ọ̀sà tó ń lu etí Ẹ̀bùté Èrò, òun náà ló ń wọ́ lọ sí Àgbádárìgì, tó sì ń dé Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará wa. Kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kọjá. Bí omi ṣe ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí o máa lọ. Ibodè mẹ́ta ló wà níwájú rẹ: Sèmè, Hilla Condji, Aflao. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ojú rere pàdé rẹ. Kí ìwé rẹ má sọnù, kí owó rẹ má bọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dá ọ dúró láìnídìí rántí ọmọ tirẹ̀ nílé. Kútọnu á jẹ́ kí o kọjá. Lómè á jẹ́ kí o kọjá. Afárá tó wà lórí odò Volta ní Sogakope á gbé ọ kọjá, ìwọ àti gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ náà. Awakọ̀ kò ní sùn lórí ìdarí. Táyà kò ní bẹ́. O ó dé Accra pẹ̀lú ìlera, o ó sì gun òkè Akuapem dé Mampong, ibi tí àwọn ọmọ adití tí ò ń lọ kọ́ wà. Ẹ ṣe Àmín.

Mo mọ ohun tí àwọn ará àdúgbò ń sọ. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá físà London, ìwọ sìnrúùlú tán, o ní Gáná lò ń lọ, o sì ní ọdún méjì ni o máa fi ṣe é láìgba owó oṣù. Wọ́n tún béèrè èyí tó wọ̀ mí létí: ṣé kò sí adití ní Èkó ni? Ó wà. Wesley School ń bẹ ní Sùúrùlérè fún àwọn adití, Pacelli ń bẹ níbẹ̀ fún àwọn tí ojú ń dùn, Atunda Olu náà ń bẹ níbẹ̀, Modupe Cole sì ń bẹ ní Akókà, fún àwọn ọmọ akàndá mìíràn. Ìwọ tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè yẹn, gbogbo ọ̀sán Sátidé rẹ ni o ti fi ń bá àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó kí wọ́n tó mọ̀ pé o ń lọ síbì kan. Ṣùgbọ́n a jẹ gbèsè, ọmọ mi. Gbèsè ọwọ́ ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó fi oyin kàn ọ́ lẹ́nu, kí o lè mọ ẹni tí ò ń lọ san án fún.

Ọkùnrin kan wà tí ojú mi kò rí rí. Andrew Foster lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Alabama ní 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn lọ́rùnlọ́rùn di etí rẹ̀. Ayé ìgbà náà le fún dúdú lọ́hùn-ún, ó tún le fún adití; òun wá jẹ́ méjèèjì. Síbẹ̀, ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ọdún 1957, ọdún tí Gáná gba òmìnira gan-an, ló kó ẹrù rẹ̀ wá sí Accra. Ìtàn rẹ̀ sọ pé bó ṣe ń béèrè àwọn ọmọ adití kiri, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé kò sí irú wọn níbẹ̀. Kò sí kẹ̀? Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà! Ó wá wọn rí. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn, ilé ẹ̀kọ́ náà ló ṣí lọ sí Mampong lẹ́yìn náà. Ní 1960, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn, ó dá ti ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá ti Enúgu àti Kàdúná náà. Nígbà tí ọlọ́jọ́ fi dé, ilé ẹ̀kọ́ 31 ló ti dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà. Èdè ọwọ́ tó gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà ni ìpìlẹ̀ èyí tí àwọn adití wa ń sọ dòní, òun náà ni ìpìlẹ̀ ti Gáná. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe tan mọ́ra wọn.

Ọkọ̀ òfuurufú ló já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1987. Ní 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún àwọn akàndá ẹ̀dá ní gbogbo ayé. N kò rò pé òun ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n mú ọjọ́ náà. Èmi ni mo ń rò ó. Ọdún 1987 kan náà ni ìjọba wa dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀, tí olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì ilẹ̀ wa fi ń lọ ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tó ń fún wa lọ, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni. Onígbàgbọ́ ni Foster, Bíbélì ló gbé lọ́wọ́ wá. Èmi Àlàájà, mo ń bẹ Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, nítorí adití tó kọjá òkun wá wá adití ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, iṣẹ́ ńlá ni lọ́dọ̀ Ọba tó dá etí.

Oyin nìyí. Tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n kí n tó wí ohunkóhun lórí rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹnu mi lè mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ rẹ nígbà tí ibà gbígbóná dì í mọ́lẹ̀. Ibà lọ, etí kò padà. Nígbà tó tó ọmọ iléèwé, ìyá wa pọ̀n ọ́n lọ síbì kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀gá ibẹ̀ kò tilẹ̀ ní kó jókòó. Ó ní kó máa gbé e lọ, àwọn kì í gba irú èyí. Ìyá wa kò sunkún lójú wọn. Ó rìn dé ẹsẹ̀ afárá Carter kó tó sunkún. Láti ọjọ́ náà, yàrá tó wà lẹ́yìn ìdáná yẹn ló di iléèwé Bọ̀ọ̀dá rẹ. Bí àlejò bá wọlé, ilẹ̀kùn á tì. Bí ìnáwó bá dé, ilẹ̀kùn á tì. Ta ló ń tì í? Èmi ni. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀kùn láti inú, kó lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ti lọ. Mo sọ ọ́ lónìí lójú rẹ àti lójú rẹ̀. Ó ti dárí jì mí tipẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ọ́ síta rí. Ọlọ́run, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi dí ọ̀nà ìwúre tí mo fẹ́ wú fún ọmọ yìí.

Télọ̀ kan tó wà ní ojúlé kejì nígbà náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó mú un lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ náà kó lè mọ bó ṣe ń gbọ̀n. Títí dòní, ẹ wò ó bó bá ń ránṣọ: ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kúrò lára irin náà. Bí òwú bá fẹ́ lọ́, òun ló kọ́kọ́ ń mọ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó létí tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá sì ń ti Ẹnu Ọ̀wá bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà lára ògiri. Kí àwa tó gbúròó ìlù, òun ti bọ́ bàtà.

Òun ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ ọwọ́ kí o tó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu sọ dáadáa. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ níbi tó jìn yẹn, ìyẹn di orúkọ rẹ. Nígbà tí o wá kọ́ èdè ọwọ́ ti iléèwé, tí o sáré wálé wá kọ́ ọ, ó wò ọ́ títí, ó wá mú ọwọ́ rẹ, ó tún ìka rẹ tò. Ìwọ tí o kàwé lo wá kọ́ ọ, òun ló tún ọ kọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná lọ́jọ́ náà, mo rí i.

Nítorí náà, oyin tí o tọ́ wò yìí, ohun tí mo fi ń wúre fún ọ ni pé kí àwọn ọmọ náà kọ́ ọ kí o tó kọ́ wọn. Àánú ti pọ̀ jù lọ́nà wọn. Má lọ fi kún un. Kí ọwọ́ rẹ yá ní gbígbà bó ṣe yá ní fífúnni. Ọwọ́ Èkó ni wàá máa sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan á yàtọ̀ sí tiwọn. Kí ẹ̀rín wọn dùn mọ́ ọ. Kí ọ̀kan nínú wọn, ọmọ kékeré tí wọn kò kà sí, wò ọ́ lójú kó fún ọ lórúkọ ọwọ́ mìíràn, kí orúkọ náà sì rọ̀ ọ́ lára bí èyí tí Bọ̀ọ̀dá rẹ fún ọ.

Kí fóònù rẹ má yá ju ojú rẹ lọ. Ọmọ tí imú rẹ̀ ń dà, tí bàtà rẹ̀ ti já, kì í ṣe ohun tí a ń fi wá oríyìn lórí Facebook. Ìyá bí i. Bí o bá gun òkè náà dé Akropong, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí ojú ń dùn wà níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá fẹ́ kí o sin òun, jẹ́ kó di apá rẹ mú. Má wọ́ ọ bí ẹni wọ́ ewúrẹ́. Bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò bá sọ pé kí o ti òun, má ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́run, fún ọmọ mi ní làákàyè tó ń béèrè kó tó fọwọ́ kanni.

Àwọn àgbà máa ń wúre pé kí eku dún bí eku, kí ẹyẹ dún bí ẹyẹ, kí ọmọ ènìyàn fọhùn bí ènìyàn. Èmi náà wú u láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo fi tèmi kún un: ẹni tó ń fi ọwọ́ fọhùn, ènìyàn ló ń fọhùn. Kí ó rí ẹni tí yóò fojú gbọ́ ọ. Kí ó rí ẹni tí yóò dúró gbọ́ ọ dópin, tí kò ní gbójú kúrò bí ẹni gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìlú kan wà nítòsí òkè Akuapem tí wọ́n ń pè ní Adamorobe. Adití pọ̀ níbẹ̀ láti ìran dé ìran, tó fi jẹ́ pé èdè ọwọ́ ti ìlú náà wà lọ́tọ̀, ọmọ ìlú tó ń gbọ́ náà ń sọ ọ́ lójà àti lóko. Bí o bá débẹ̀, jókòó tì wọ́n fún mi. Wo bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Wo bí wọ́n ṣe ń jà, wo bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Ọlọ́run Ọba, ṣe Ìsàlẹ̀ Èkó bẹ́ẹ̀ fún wa. Jẹ́ kí ìyá aláṣọ ní Jáńkárà mọ ọwọ́ tí a fi ń béèrè iye. Jẹ́ kí akọ̀wé báńkì ní Marina mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí adití mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní sí níbẹ̀ láti túmọ̀.

Kí Ìmọ̀le tó wọ Èkó, kí Ìgbàgbọ́ tó wọ̀ ọ́, ẹni Òòṣà ni àwọn baba ńlá wa ń pe abuké, àfín àti arọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó dá wọn mọ ohun tó ń ṣe, ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín ti fi Ẹlẹ́dàá ṣẹ̀sín. A ní ọ̀rọ̀ yẹn nílẹ̀, a sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Ọlọ́run, gbogbo ilé tó ní irú yàrá ẹ̀yìn yẹn láàárọ̀ yìí, láti Ìdúmàgbò dé Ọ̀fin, láti ibí dé Akuapem, já kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn gbà. Ìyá tó ń tijú, má ṣe bínú sí i. Fún un ní ẹnìkan tí yóò bá a pọn ọmọ náà. Bàbá tó sá lọ torí ọmọ náà, dá a padà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ní 2011, Ààrẹ sì fọwọ́ sí ti gbogbo Nàìjíríà ní oṣù Kìíní, 2019. Òfin wà. Àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àdúgbò wa ṣì ga gan-gan-ran, kò sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọlọ́run, má jẹ́ kí ìwé òfin náà di ohun tí wọ́n ń fi pọ́n àkàrà. Ẹ ṣe Àmín kó rinlẹ̀.

Iyọ̀ ló kù. Èyí ni mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára jù, nítorí ọjọ́ tí o máa kúrò lọ́dọ̀ wọn ni.

Àwọn ọmọ yẹn ti rí àlejò. Àlejò á wá, á bá wọn ṣeré, á jẹ́ kí wọ́n gun ẹ̀yìn òun, á ya fọ́tò, ọkọ̀ á gbé e lọ. Ọmọ á lọ dúró sẹ́nu géètì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òmíràn á dé, ọmọ á tún sáré. Nígbà tó bá ṣe, ọmọ náà kò ní sáré pàdé ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ mi, kí o má ṣe irú àlejò bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí o bá dé ni kí o ti sọ fún wọn iye ìgbà tí o máa lò, kí o sì mú ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ. Iṣẹ́ tí o bá mọ̀ ọ́n ṣe, kọ́ ẹni tó ń gbébẹ̀, àgàgà adití ẹgbẹ́ wọn tó ti dàgbà, kó lè máa ṣe é nìṣó nígbà tí o bá lọ. Bí Foster ṣe ṣe é nìyẹn: àwọn adití tó kọ́ níwèé, olùkọ́ ni púpọ̀ nínú wọn dà. Iyọ̀ kì í dúró lójú ọbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kí i. Ó ti yọ́ tán, ọbẹ̀ ló ń dùn. Yọ́ sínú iṣẹ́ náà, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó dùn lẹ́yìn rẹ.

Kí ara rẹ le níbẹ̀. Òtútù òkè kò ní ṣe ọ́. Ibà kò ní mọ̀ ọ́. Àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ kò ní ṣe kèéta rẹ, ìwọ náà kò ní ro ara rẹ jù wọ́n lọ torí pé o ti Èkó wá. Bí àárò ilé bá sọ ọ́ lóru, pè mí, aago yòówù kó lù. Bọ̀ọ̀dá rẹ á jókòó sójú fóònù náà kí o lè rí ọwọ́ rẹ̀. Bí o ṣe lọ la ó ṣe rí ọ. A kò ní fi ẹkún pàdé rẹ. Èmi tó ń wúre yìí kò ní sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí o ò bá nílé.

Ó ń juwọ́ sí mi. Bọ̀ọ̀dá rẹ ní òun fẹ́ wú tòun.

Ẹ sún, ẹ jẹ́ kó bọ́ sáàárín. Ẹ má wulẹ̀ dákẹ́, ẹ wò ó. Ó na ìka sí ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ó fi ọwọ́ kan àyà tirẹ̀, ó kó nǹkan kan jáde níbẹ̀, ó dì í sínú ìkúùkù, ó gbé e lé ọ lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ dé lé e. Nísinsìnyí, ẹ wo èyí: ó ṣe bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sẹ́yìn, jìnnà. Ó ń wò mí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Àmín, àbúrò mi. Àmín.

Ẹ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé, ẹ mì í lálá, bí àwọn adití ṣe ń ṣe é. Ọmọ mi, ó ti fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń pè ọ́. Dá a lóhùn kí o tó wọkọ̀.